Ìwé tí Lambert kọ fún àáró Akofodjoulè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ìwé yín pọ̀ ju ìbéèrè yín lọ.

1.
Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, iléèwé gíga kan ní Àjàṣẹ́ rán Lambert lọ sí Akofodjoulè, láàárín àwọn òkè Dassa. Iṣẹ́ tí olùkọ́ fún un ni pé kó wo bí ẹgbẹ́ àáró àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, kó sì gbà wọ́n nímọ̀ràn. Àwọn méjìlá ni wọ́n, wọ́n ń kọ ebè iṣu fún ara wọn láti oko dé oko. Odette, opó kan nínú wọn, ló gba Lambert sílé. Láràárọ̀ ló ń gun òkè lọ pọn omi ìwẹ̀ fún un.

Ibẹ̀ wu Lambert. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìkùukùu á bo ẹsẹ̀ àwọn òkè, orí wọn nìkan lèèyàn á máa rí. Lambert á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa lá àlá ojú-ṣíṣí: àlá ọjọ́ tí olùkọ́ máa pe orúkọ rẹ̀ níwájú gbogbo kíláàsì.

2.
Kí ẹgbẹ́ náà tó mọ oko tó kàn, wọ́n á jókòó lórí àpáta kan, wọn ò sì ní dìde títí gbogbo wọn á fi sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ikọ́, ọ̀rọ̀ ìjà tọkọtaya, ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tó sọnù. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Grégoire, olórí wọn, á béèrè pé, "Ta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè dúró?" Oko ẹni náà ni wọ́n á lọ.

Lambert wo aago ọwọ́ rẹ̀. Odindi òwúrọ̀ kan!

"Bàbá, ìjókòó yìí ń jẹ yín lákòókò. Mo ti kọ programme, ètò iṣẹ́, sínú ìwé yìí fún yín. Oko tó tóbi jù ló máa ṣíwájú, èyí tó kéré jù á kẹ́yìn. C'est simple, kò le rárá."

"Ọmọ mi, ta ló máa wá gbọ́ ẹni tó ń sunkún?"

"Bàbá, ìwé ti sọ gbogbo rẹ̀."

Wọ́n bọ̀wọ̀ fún ìwé, wọ́n sì pa ìjókòó orí àpáta tì. Oko Odette ló kéré jù, òun ló ṣe ìkejìlá.

3.
Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Odette yọ̀ ṣubú lórí òkúta, tòun ti ìkòkò omi ìwẹ̀ Lambert. Apá ọ̀tún rẹ̀ wú, ó fi aṣọ wé e. Lambert rí aṣọ náà. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá," ó sì tẹjú mọ́ ìwé rẹ̀ padà.

Ó padà sí Àjàṣẹ́, olùkọ́ sì fún un ní máàkì mẹ́tàdínlógún nínú ogún. Kí lẹ rò pé ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀? Àwọn olóko ńlá tí wọ́n ti ṣe tiwọn tán bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọjọ́ àáró jẹ. Ọ̀kan ní ẹ̀yìn ń dun òun, ọ̀kan lọ sọ́jà Dassa. Kò sì sí ìjókòó mọ́ tí wọ́n á ti bi wọ́n léèrè ìdí. Òjò dáwọ́ dúró, ilẹ̀ le koko, ẹnikẹ́ni kò dé oko Odette. Ó jẹ iṣu tó yẹ kó gbìn, ó sì kó ẹrù rẹ̀ lọ bá ẹbí ní Aklampa. Báyìí ni àáró ayé bàbá wọn ṣe tú ká.

4.
Lọ́dún kejì, olùkọ́ ní kí Lambert padà lọ wo ohun tí ìmọ̀ràn rẹ̀ bí, kó sì kọ ohun tó rí kọ́. Aláǹgbá nìkan ló bá lórí àpáta. Ó jókòó síbẹ̀, oorun ọ̀sán gbé e lọ. Lójú àlá, àwọn méjìlá yí i ká, ẹnu wọn ń lọ, kò gbóhùn kankan. Nígbà tó jí, ẹ̀rù bà á. Ó béèrè Odette lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, ó sì gba ọ̀nà Aklampa lọ.

Odette bu omi fún un. Ọwọ́ òsì ló fi gbé e.

"Má bínú, ọmọ mi. Ọ̀tún kò gbéra mọ́."

Lambert bú sẹ́kún. "Màmá, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ibi tí mo ti lè sọ ọ́ lo tì pa. Inú ilé mi lo sì ń gbé, o ò bi mí."

Lambert gba omi náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè mu ún.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí wọ́n bá rán yín lọ tún ilé onílé ṣe, ẹ kọ́kọ́ bi onílé níbi tó ń dùn ún. Ẹ má torí pé ẹ mọ̀wé pa ẹlòmíràn lẹ́nu mọ́. Àwọn àgbà ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Lambert kò béèrè, Odette ló sì ṣìnà fún un.