Afínjú Tó Pa Kọ̀ǹpútà Lẹ́nu Mọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ẹ má gbé e sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á dé òpin, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ kí gbogbo nǹkan ṣáà máa dán.

1. Afínjú ni wọ́n ń pe ọkùnrin kan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní ẹ̀rọ ńlá tó ń sàba lé ẹyin bí ìyá adìẹ. Afínjú kọ ètò tuntun tí yóò máa ṣọ́ ooru rẹ̀. Ó fi ògbufọ̀ kan, ìyẹn ètò kékeré tó ń túmọ̀ àṣẹ, sínú ètò náà, kí ẹ̀gbọ́n lè máa fọwọ́ ara rẹ̀ kọ àṣẹ, kí ògbufọ̀ sì kà á fún ẹ̀rọ. Ọgbọ́n ńlá! Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ kì í dá rìn. Ó ní àwọn fáìlì tó gbọ́dọ̀ bá a wọlé. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù sẹ́yìn, kò ní la ẹnu.

Bí nǹkan bá ti bàjẹ́, lẹ́tà pupa á kún ojú kọ̀ǹpútà, á máa ṣàlàyé. "Ẹ wo ìdọ̀tí!" Afínjú bo gbogbo rẹ̀, ó fi ọ̀rọ̀ méjì péré rọ́pò: "Kò ṣí."

2. Ọjọ́ tó gbé ètò náà dé ilé ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni àwọn ọmọ adìẹ máa jáde.

"Àbúrò, jẹ́ kí àwọn wọ̀nyí jáde tán ná."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tèmi."

"Ṣé kọ̀ǹpútà tìẹ ló ń sàba ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó pa ètò àtijọ́ rẹ́, ó tan tuntun.

Kò ṣí.

3. Ó wá fáìlì ògbufọ̀ náà, ó rí i. "Òun rèé! Ojú mi rèé, ojú rẹ̀ rèé!" Ó tún un kó wọlé lẹ́ẹ̀mẹta. Kò ṣí. Ẹ̀rọ ń tutù lọ.

"Kí ló ń dùn ún gan-an?"

"N kò mọ̀."

"Kó sọ fún wa."

"Mo… mo ti ní kó má sọ mọ́."

Ilé Afínjú, níbi tó ti lè tú ètò náà wò, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ ọjọ́ kan gbáko. Ó sáré lọ. Ẹ̀gbọ́n da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹ̀rọ, ó gbé etí lé ẹyin. Àwọn ọmọ adìẹ ń ké nínú èèpo, fín-ín, fín-ín. Nígbà tó yá, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Fáìlì tí Afínjú ń tún kó yẹn kò ṣaláìsí. Fáìlì kékeré mìíràn tí fáìlì yẹn fara tì ló ṣẹ́ kù sílé, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú lẹ́tà pupa tí Afínjú ti bò. Afínjú mú un dé, ó tan ètò, ó ṣí wẹ́rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ lé gíláàsì ẹ̀rọ, lókè ẹyin tí kò ké mọ́. "Ó ti ń gbóná, àbúrò," ló wí. "Ó ti ń gbóná." Kò bú u. Ìyẹn gan-an ló pa Afínjú lẹ́kún.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má pa ohun tó ń sọ àléébù yín lẹ́nu mọ́. Ibi tí a ó ti lo nǹkan ni kí ẹ ti dán an wò, kí ẹ tó da ti àtijọ́ nù. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.