Ọwọ́ tí Ọláwuyì Fi Wọ́ Ìyá Àgbà

Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni Ọláwuyì máa ń kí ìyá àgbà rẹ̀ tó ti dolóògbé, lórí ìkànnì ẹbí. Orúkọ ẹni tí kò bá kí wọn di aago mẹ́sàn-án yóò hàn sí gbogbo mọ̀lẹ́bí. Àwòrán ìyá àgbà níbẹ̀ máa ń kẹ̀yìn sí i díẹ̀, ó sì ní láti fi máòsì kọ̀ǹpútà wọ́ ọ kí ìyá tó kọjú sí i.

Lónìí, ìyá ò mira. Ọláwuyì, ẹni tó ti fi àtúnṣe ìkànnì jẹun fún ogún ọdún, pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Ó nu abẹ́ máòsì, ó pààrọ̀ rẹ̀. Ìyá kàn ń mọ́ ọn lójú.

"Àwọn tó ṣe nǹkan yìí ò mọṣẹ́," ló ń kùn.

Mojíròlá, ìyàwó rẹ̀, yọjú. "Bàbá Ìrètí, kí ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín?"

Ife ògì ni. Ọwọ́ òsì ló ti fi ń wọ́ àgbàlagbà láti àárọ̀.

Ó gbé ife kalẹ̀, ó pa ọwọ́ dà, ìyá sì yí wẹ́rẹ́.

"Ta tiẹ̀ ló fi òfin síbẹ̀ pé kí máòsì má gba ọwọ́ òsì?"

Mojíròlá rọra yí ife náà kí ọkọ rẹ̀ lè ka ohun tí mọ̀lẹ́bí kọ sí i lára: "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọláwuyì, ẹni tó kọ́ máòsì ní ẹ̀kọ́ ilé."