Hẹ́límẹ́ẹ̀tì Ọ̀gá Jàfárù

Jàfárù ń sọ̀rọ̀ lórí pápá ní Ìgàndó.

Ẹgbẹ́ alùpùpù tó dá sílẹ̀ pé ọdún kan lónìí: ìrìnàjò lóṣooṣù, eré ìje ní pápá yìí.

"Iṣẹ́ ọkùnrin ni! Obìnrin ò láyà ẹ̀."

Fàdìlàt, ìyàwó ẹ̀, ń pín omi. Ó pòṣé. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

"Ọ̀gá, ẹ ṣáájú wa jàre," ni Mùíz, ọmọ ẹgbẹ́, wí. "Látọdún yìí, ẹ kì í ṣí hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ẹ kì í sọ̀rọ̀ lórí alùpùpù. Lónìí, ẹ jẹ́ ká rójú yín."

Ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dun Jàfárù lójijì.

Fàdìlàt tú kọ́kọ́rọ́ alùpùpù létí ìró ẹ̀, ó nà án sí i.

"Ẹ gbà, Bàbá Hamdalah. Ẹ fúnra yín gùn ún lónìí. Ó ti sú mi láti máa dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì yín."