Owó Bàbà Tó Ń Dán

Maureen, tó ń po tíì níbi ìpàtẹ owó àtijọ́ ní Norwich, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ èyí fún mi.

Ìyá àgbà kan, Winifred, gbé owó bàbà kan síwájú Pargeter tó ń ta owó àtijọ́.

Àwòrán kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ru ẹrù owó ilé àti owó orí ló wà lára rẹ̀. Ní ohun tó lé ní igba ọdún sẹ́yìn, aráàlú a máa rọ irú owó bẹ́ẹ̀ fúnra wọn láti fi ìjọba ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó ń dán bíi ṣíbí tuntun.

Pargeter ní, "Ta ló fọ eléyìí?"

"Ọkọ mi ni. Ó ń fọ gbogbo wọn."

"Yéè! Ó ti bà á jẹ́, mà! Owó àtijọ́ tí wọ́n bá fọ̀ kì í níye lórí mọ́. Ṣé ọkọ yín ò kàwé ni?"

Pargeter ṣí ìwé ńlá kan. "Ojú ewé kìíní nìyí: má fọ̀ ọ́. Ẹ lọ kà á sí i létí."

"Mo kà á fún un láàárọ̀. Ó ní ẹni tó kọ ọ́ gbọ́n."

"Ó kúkú gbọ́n!"

"Òun ló kọ ọ́."

Pargeter wo orúkọ ara ìwé náà. Ó rọra pa á dé.

Winifred ní, "Ìrántí rẹ̀ ti lọ. Fífọ̀ yìí nìkan ló ń fọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹ bá mi wá èyí tó ti bàjẹ́ tí á máa fọ̀, kí n lè kó àwọn tiwa tó kù pamọ́."

Pargeter gbé àpò owó tó ti bàjẹ́ kan fún un, kò gbowó.

Winifred dúpẹ́, ó jáde, kò bojú wẹ̀yìn.