Òdòdó Dúdú Lápá Àlejò

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọpẹ́ ni fún Ọba tó ń ṣọ́ wa láìtòògbé.

Táatù ni Gbádébọ̀ ń fín fún àwọn èèyàn ní Ṣàgámù, ṣùgbọ́n ara tirẹ̀ mọ́ láìní àmì kankan. Bàbá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un: "Ọjọ́ tí mo bá rí fínfín lára rẹ, o ò fẹ́ ọmọ mi mọ́." Ọ̀la sì ni ìgbéyàwó.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá kan wọlé, ó na apá. "Fín òdòdó dúdú fún mi, kí o sì fín eegun ọwọ́ aláwọ̀ eérú tó dì í mú."

Gbádébọ̀ fín ewé kan, ó nù ún, ewé náà pòórá. Ó tún un fín, ó tún pòórá. Ẹ̀jẹ̀ kò tilẹ̀ jáde. Apá Gbádébọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ta á lábẹ́ aṣọ.

"Màmá, irú awọ wo lẹ ní gan-an? Wákàtí méjì rèé!"

"Má kanra, ọmọ mi. Iṣẹ́ rẹ mà dára o."

"Iṣẹ́ wo? Kò sí nǹkan kan níbí!"

"Ká aṣọ rẹ sókè."

Ó ká a. Òdòdó dúdú ti bo apá rẹ̀ títí dé èjìká, ìka eegun sì ń rọra dì í mú.

Olúwa kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wa di àmì sí wa lára.