Ẹkún Tí Opó Sun Nítorí Mọ́tò

Òòfà tí adíyelé fi kan ilẹ̀kùn mọ́tò eré ìje àtijọ́ náà já bọ́ sílẹ̀.

“Bàbá, fáíbà ni, kì í ṣe irin. Ayédèrú ni. Tẹ́ ẹ bá tà á, owó alùpùpù ló máa pa.”

Ẹ̀gbọ́n ọkọ yíjú sí opó. Nígbà tí wọ́n ń pín ogún, mọ́tò ló já gbà, tó fi ilé tó ń jò sílẹ̀ fún un. Iwájú ilé náà ló sì ti fẹ́ tà á lónìí, kí ojú opó lè rí màbo.

“Ìyàwó wa, ṣé o mọ̀?”

“Èmi àti ọkọ mi la jọ fọwọ́ ara wa ṣe é.”

“Kí ló dé tó o fi ń sunkún yílẹ̀ nígbà tí mo gbà á?”

Opó kúnlẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ká ní mi ò sunkún mọ́tò, ilé lẹ̀ bá gbà.”