Orúkọ Tí Wọn Ò Yọ

Ètò kọ̀ǹpútà tó ń pín iṣẹ́ fún àwọn ẹ̀rọ ni Fadérera ń tọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ti ń rí i lára. Gbogbo ayé ń lò ó, èébú nìkan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Òfin wọn ni pé ẹni kejì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àtúnṣe kó tó wọ inú ètò náà. Wọ́n sì ti sin Dúrósinmí, ẹni kejì náà, lóṣù tó kọjá.

Lóru yìí ó fi àtúnṣe kan sílẹ̀ fún ìfọwọ́sí, ó pòṣé.

Lórí tábìlì Dúrósinmí tó wà lẹ́yìn Fadérera, bọ́tìnì ìtẹ̀wé kọ̀ǹpútà ń dún. Òórùn ẹrẹ̀ sàréè gba yàrá kan. "Dúrósinmí ti fọwọ́ sí i," ni kọ̀ǹpútà wí.

Ó yọ orúkọ òkú náà kúrò kíá lára àwọn tó lè fọwọ́ sí àtúnṣe. Àṣé àtúnṣe nìyẹn náà, ó ń dúró de ẹni kejì.

Bọ́tìnì tún dún. Èsì yọ: "Mi ò gbà, Àǹtí Dérera."